Frejon Ọjọ́ Ẹtì Rere ní Àjàṣẹ́: ohun tí a sè, àti ohun tí Ìyá Àgbà sọ nípa rẹ̀

Níléèwé, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa pé oúnjẹ ní ìpele: èyí tí a fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun, oúnjẹ gan-an, lẹ́yìn náà dessert, ìyẹn nǹkan dídùn tí a fi ń parí rẹ̀. Nílé wa, kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, omi la ń mu. Bí àsìkò ọsàn tàbí ìrèké bá dé, a ó jẹ ẹ́ nígbàkígbà tí ó bá wù wá, kì í ṣe dandan pé ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé oúnjẹ. Àádùn àti dòdò, ìpanu ni wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa dábàá pé kí a wá oúnjẹ àdídùn àtijọ́ kan tí a ó sè ní ọjọ́ ọdún rẹ̀ gan-an, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò sí èyí tí a lè rí. Ìyá Àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn ló dá wa lóhùn: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ ò mọ frejon ni?”

A ò mọ̀ ọ́n. Feijoada ni a mọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn ilé Àgùdà ń gbé jáde nígbà ọdún Bonfim ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí eégún Burian bá ń jó nígboro Àjàṣẹ́. Ìyá Àgbà ní èyí tí òun ń sọ kò ní ẹran nínú rárá. Ó ní ìyá òun máa ń sè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí agogo mẹ́ta bá ń sún mọ́. Nígbà tí a béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é, ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ìkòkò náà. Nígbà tí ó fi máa dàgbà tó láti kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ ti lọ, òun náà sì ti wọ ilé ọkọ tí wọn kì í ti í sè é. Adùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá tọ́ ọ wò, òun á mọ̀ bóyá òun ni tàbí òun kọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn: a ní ẹni tó lè sọ fún wa pé a ti ṣì í, ṣùgbọ́n a kò ní ẹni tó lè kọ́ wa.

Frejon kò tíì parẹ́ níbi gbogbo. Ní Èkó, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Pópó Àgùdà, àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn ti Bràsíl dé ṣì ń sè é ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọ́n sì ń gbé e fún aládùúgbò, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí. Orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Potogí wá: feijão ni wọ́n ń pe ẹ̀wà, ahọ́n Yorùbá ló sọ ọ́ di frejon. Ẹ̀wà ni wọ́n máa sè títí yóò fi rọ̀ pátápátá, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á wá gbé e padà sórí iná pẹ̀lú omi funfun tí wọ́n fún lára àgbọn, ṣúgà àti kànáfùrù, títí yóò fi ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ní Bàhíà, níbi tí ó ti wá, wọ́n ń jẹ irú rẹ̀ nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ títí di òní, feijão de leite ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé ẹ̀wà oníwàrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wàrà màlúù kò sí nínú rẹ̀. Ìdí tí ó fi bọ́ sí ọjọ́ yẹn kò ṣòro láti mọ̀. Ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹja ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀wà sì ń bá ẹja rìn.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yẹn. Ní èdè wa, Àgùdà ni ẹni tó ti Bràsíl dé, Àgùdà náà sì ni ẹlẹ́sìn Kátólíìkì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, nítorí pé lójú àwọn baba wa, àwọn tó dé pẹ̀lú orúkọ d'Almeida, da Silva, Medeiros tàbí do Rego ni wọ́n kọ́kọ́ rí tí wọ́n ń ṣe ẹ̀sìn yẹn nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fi apá kan ìtàn pamọ́, èyí tí ó dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin wa kí a tó dáná rárá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Potogí, tó sì jẹ́ mùsùlùmí láti ìran baba rẹ̀, béèrè pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ àṣà yóò fi máa sè oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí a bá ń sọ̀rọ̀ Àgùdà bí ẹni pé onígbàgbọ́ nìkan ni wọ́n, a ti yọ baba ńlá òun kúrò nínú ìtàn. Òótọ́ ló sọ. Ní alẹ́ tí ó mọ́ ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1835, àwọn ọmọ Áfíríkà dìde pẹ̀lú ohun ìjà ní ìlú Salvador ní Bàhíà. Mùsùlùmí ni àwọn aṣáájú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀. Àwọn ará Bràsíl pe ogun náà ní ti Malê, ọ̀rọ̀ tí ọmọ Yorùbá kankan yóò mọ̀ ní kíá: ìmàle ni. Lẹ́yìn tí ọwọ́ ìjọba tẹ̀ wọ́n, wọ́n lé àwọn kan padà sí etíkun wa, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀ nítorí pé ayé ti le jù fún wọn níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dé nìyẹn títí di ẹ̀yìn ọdún 1888 tí Bràsíl fòpin sí oko ẹrú. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ dé ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kí ó lọ wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá: ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà débi pé àlejò máa ń ṣì í mọ̀.

Ọ̀dọ́ mìíràn tún fi tirẹ̀ kún un, pé kì í ṣe gbogbo Àgùdà ni ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú. Àwọn kan lára wọn ló ń ta ẹrú. Èyí náà kò ṣe é jiyàn. Francisco Félix de Souza, tí wọ́n ń pè ní Chacha ní Ìgléfè (tí ìwé Faransé ń pè ní Ouidah), tó kú ní ọdún 1849, òwò ẹrú ló fi lówó. Nínú àwọn ìdílé kan, ẹni tí wọ́n tà àti ẹni tó ń tà ti fẹ́ ara wọn, ọmọ wọn kan náà ló ń jókòó sídìí àwo oúnjẹ kan náà. A kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ náà. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a ó sè é, a ó sì pe gbogbo ènìyàn wá jẹ, a ó sì kọ gbogbo ohun tí a sọ yìí sílẹ̀ pẹ̀lú bí a ṣe sè é. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ mùsùlùmí ló ra àgbọn.

Ká tó dé ìdí ìkòkò, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìrìn àjò wọn jìn ju tiwa lọ. Ẹ̀wà tí a ń jẹ nílé, tí a fi ń ṣe àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, ọmọ Áfíríkà ni. Ó bá àwọn èèyàn wa kọjá òkun, òun ni wọ́n ṣì fi ń ṣe acarajé ní ìgboro Salvador, tí ìjọba Bràsíl sì fi iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2005. Ẹ̀wà dúdú tí àwọn ará Bràsíl fẹ́ràn yàtọ̀ sí i, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tirẹ̀ ti wá. Àgbọn kò sí ní Bràsíl tẹ́lẹ̀, àwọn Potogí ló gbé e débẹ̀. Kànáfùrù, àwọn erékùṣù ìlà oòrùn tó wà ní ilẹ̀ Indonéṣíà lónìí ni ilé rẹ̀. Ó ku ṣúgà. Oko ìrèké ni Bàhíà fi là, ìrèké yẹn ló sì fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó láti etíkun wa lọ síbẹ̀. Ọwọ́ tó gé e, tó fún un, tó sè é títí tó fi di ṣúgà, ọwọ́ ẹrú ni. Ẹni tó wá gba òmìnira, tó padà sílé, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ṣúgà sínú ìkòkò tirẹ̀ ní ọjọ́ ọdún, a rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Èrò tiwa nìyí o, a kò rí i kà níbì kankan.

Ó yá, ìdáná.

A kọ́kọ́ dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún. Ẹ̀wà pupa la rí rà lọ́jà Wàndó, a rẹ ẹ́ mọ́jú, a sè é fún wákàtí méjì. Títí dé ibí yìí, ó lọ dáadáa. A gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta, níbi tí a ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́: ẹni tó lọ̀ ọ́ ti fi ẹ̀rọ yẹn lọ ata láàárọ̀. Àṣìṣe kejì ni pé a da omi àgbọn sí i lórí iná tó ń jó fòfò. Omi àgbọn kò fẹ́ iná líle. Ó já, òróró rẹ̀ léfòó sókè, èyí tó kù sì di kóro-kóro nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tì í láti máa rò ó, nítorí pé gbogbo wa ń fóònù, ìdí ìkòkò bá jóná. A bu díẹ̀ fún Ìyá Àgbà síbẹ̀síbẹ̀. Ó fi sẹ́nu, ó gbé ṣíbí náà sílẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀wà ni.” Kò sí èébú tó dun ẹgbẹ́ wa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìgbà tí ó mu omi, ó sọ fún wa pé èyí tí òun mọ̀ kì í ṣe pupa. Ojú rẹ̀ kò ríran tó láti rí àwọ̀ tiwa, nítorí náà ó ní kí a ṣàpèjúwe rẹ̀ fún òun. Ó ní ti ìyá òun ṣókùnkùn, bí eérú tí òjò pa. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ẹ̀wà la kọ́kọ́ ṣì. Ẹ̀wà kan wà tó dúdú, tí àwọn kan ní Èkó ń pè ní ẹ̀wà ìbejì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ṣòwò gba ọ̀nà Ìgólò àti Ìdí-Ìrókò ló bá wa rà á wá ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọdún.

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere gan-an, a bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Agolo ẹ̀wà mẹ́ta la lò. Ó ti wà nínú omi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a da omi náà nù, a sè é láìfi iyọ̀ sí i, nítorí pé àwọn ìyá wa gbà pé iyọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Ẹ̀wà dúdú yìí pẹ́ lórí iná ju ti pupa lọ, ó gbà wá ní wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí ó ń hó lọ́wọ́, a fọ́ àgbọn mẹ́ta, a rin ín, a da omi gbígbóná lé e, a sì fi aṣọ funfun fún un. Ìfúnsí àkọ́kọ́ ki bí wàrà. A gbé e sọ́tọ̀. A tún da omi lé e, a fún un lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó ṣàn yìí la fi lọ ẹ̀wà. Ọlọ la lò lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Kì í ṣe nítorí àṣà o, ẹ̀rù ata ló ń bà wá. Lẹ́yìn èyí a fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Iṣẹ́ yìí ló gba agbára jù lọ, nítorí pé èèpo ẹ̀wà gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá. Bí èèpo bá wà níbẹ̀, á máa ha ọ̀fun.

A gbé ohun tí a sẹ́ padà sórí èédú tí iná rẹ̀ kò pọ̀. Kànáfùrù bíi mẹ́wàá, tí a dì sínú aṣọ kékeré, la jù sínú rẹ̀ kí a lè yọ ọ́ tó bá yá. Ẹnì kan jókòó tì í, ó ń fi ọmọrogùn rò ó, a sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ìgbà yẹn la bu ṣúgà sí i, lẹ́yìn náà omi àgbọn àkọ́kọ́ tó ki, díẹ̀díẹ̀, àti iyọ̀ tí ìka méjì lè bù. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́ta lù nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀.

Ibí ni ilé ẹ̀kọ́ Faransé ti ṣẹ́gun wa. Dessert la pè é láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà a bù ú sínú abọ́ kéékèèké, a jẹ́ kí ó tutù, a fi ṣíbí kékeré sí i, a sì ní kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì àti ẹja kí a tó gbé e fún wọn. Ó dùn. Àwọn ọmọdé tọrọ sí i. Ọ̀kan nínú wa ní ó jọ ohun tí wọ́n ń tà nínú ike ní ilé ìtajà ńlá ní Kútọnu, ìyìn ló sì fi ṣe.

Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? A ní ó dúdú bí eérú tí òjò pa. Ó mi orí. Ó ní kànáfùrù rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àgbọn rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí a fi sí i fún un, ó ń gbọn orí. Lójijì ó béèrè pé, “Ọbẹ̀ dà?” A ní ọbẹ̀ wo? Ó ní, “Ọbẹ̀ ẹja tí ẹ fi jẹ ìrẹsì yẹn ńkọ́, ṣé ó ti tán ni?” Kò tíì tán. Ó ní kí a bu frejon gbígbóná láti inú ìkòkò sínú àwo ńlá, kí a da ọbẹ̀ ata àti ẹja lé e lórí, kí a wọ́n gaàrí sí i. Àwa ń wo ara wa. Ó jẹ ṣíbí kan, ó jẹ èkejì, ó sì jẹ àwo náà tán láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó tán, ó ní, “Hẹn-ẹn. Òun nìyí.”

Gbogbo wa tún bù ú bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a parọ́: ṣíbí àkọ́kọ́ ṣe àjèjì lẹ́nu. Ata ń ta ọ́, ṣúgà ń tù ọ́, iyọ̀ ẹja wà láàrin, gaàrí ń rún. Nígbà tí a máa fi dé ṣíbí kẹta, ó ti yé wa. Ẹni tó bá jẹ dòdò pẹ̀lú ọbẹ̀ ata rí mọ ibi tí adùn yẹn ti ń wá. Frejon kì í tẹ̀ lé oúnjẹ, òun gan-an ni oúnjẹ, adùn rẹ̀ sì wà nínú àwo kan náà pẹ̀lú ata. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ra àgbọn jẹ àwo méjì, ó sì ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé òun náà ti jẹ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ṣúgà, tí a kò tíì bá ara wa fẹnu kò lé lórí. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ agolo kan fún agolo ẹ̀wà mẹ́ta. Ìyá Àgbà ní ìyẹn ti pọ̀ jù, pé ọjọ́ ikú Jésù kì í ṣe ọjọ́ tí à ń lá ṣúgà, ìdajì agolo ti tó. Ìdajì la lò lọ́jọ́ náà, òun náà la sì dá lábàá fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lè fi kún un nínú àwo tirẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé ìyókù lọ sílé nínú abọ́ tó ní ìdérí, ó ní òun fẹ́ gbé e fún àbúrò òun obìnrin tí kò lè jáde nílé mọ́. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní àbúrò tó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, abọ́ náà padà wá, ó ti mọ́ tónítóní, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ọmọ-ọmọ wọn jẹ́ fún wa lẹ́nu: àbúrò Ìyá Àgbà ní ó dára, ṣùgbọ́n ìyá àwọn kì í di kànáfùrù sínú aṣọ, ó máa ń gún un ni. A ti ń múra láti lọ kí wọn nílé.